Ọrẹ Àwọn Alágbára àti Ìrẹsì Háítì

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé, bí ẹnì kan bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ wò. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ọmọ láti di aláìmoore. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí a fi ojú gba ẹ̀bùn kí a tó fi ọwọ́ gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbé yẹ̀wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn àjọ ńlá tí wọ́n ń pè ní USAID, èyí tí Ààrẹ Kennedy dá sílẹ̀ ní 1961 láti máa pín ìrànlọ́wọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n sì kó ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àkóso ọ̀ràn òkèèrè lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ohùn méjì láàrin wa. Àwọn kan ń sọkún bí ọmọ tí baba rẹ̀ kú. Àwọn mìíràn ń yọ̀, wọ́n ní ó tó àkókò kí aláwọ̀ dúdú máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ní tiwa, a kò lè bá ẹgbẹ́ méjèèjì rìn dé ilé, nítorí kò sí èyí tí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó yẹ kí á béèrè: ta ni ìrànlọ́wọ́ náà ń ràn lọ́wọ́?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹnu lásán dáhùn. Ìwé ìṣirò ni ó lè dáhùn rẹ̀, àti ìtàn ibì kan tí gbèsè, ọrẹ àti ìbọn ti ń gbé inú ilé kan náà fún ìgbà pípẹ́. A yan ilẹ̀ Háítì. Ìdí kìíní ni pé ìwé ìṣirò ti ibẹ̀ gùn, ó ti pé 200 ọdún. Ìdí kejì ni pé ará wa ni wọ́n. Nínú àwọn ẹrú tí àwọn Faransé kó lọ sí erékùṣù náà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nago kò kéré, Nago yìí sì ni àwa Yorùbá. Títí di òní, nínú ẹ̀sìn àbáláyé ti Háítì, agbo kan ṣì wà tí ń jẹ́ Nago, Ògún sì ni ó ń ṣe olórí ibẹ̀. Ogou ni wọ́n ń pè é. Toussaint Louverture pàápàá, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìdílé rẹ̀ ti wí, ọmọ-ọmọ ará Aláda ni, ní ilẹ̀ Benin tí ó bá wa pààlà.

Ní oṣù Kẹjọ 1791 ni àwọn ẹrú ilẹ̀ náà dìde sí àwọn olówó wọn. Kò sí ilẹ̀ kan lábẹ́ Faransé tí ó mú ọrọ̀ wọlé tó o ní ìgbà náà. Ṣúgà àti kọfí ibẹ̀ ni ó kún tábìlì Yúróòpù. Wọ́n jà fún ọdún 12, wọ́n ṣẹ́gun ọmọ-ogun tí Napoleon rán sí wọn, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1804, Jean-Jacques Dessalines kéde òmìnira. Toussaint kò fi ojú rí ọjọ́ náà, ó ti kú nínú túbú ní ilẹ̀ Faransé ní 1803. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ ìtàn yìí, tàbí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, a kò sì ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni a kì í sábà kọ́ wọn.

Ní oṣù Keje 1825, ọkọ̀ ogun Faransé 14 dé èbúté Port-au-Prince pẹ̀lú àṣẹ Ọba Charles Kẹwàá. Àṣẹ náà ni pé ọba yóò gbà pé Háítì di òmìnira, bí Háítì bá lè san 150 mílíọ̀nù fránkì ní ìgbà 5, láti fi ṣe gbà-máà-bínú fún àwọn Faransé tí wọ́n pàdánù ohun ìní wọn. Àti pé kí ẹrù Faransé máa san ìdajì owó ibodè péré. Kí ni ohun ìní náà? Oko ni, ilé ni, àti àwọn ẹrú náà fúnra wọn, tí a kà mọ́ ọn. Ẹni tí ó ti ja àjàṣẹ́gun, tí ó sì ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ni a ní kí ó tún wá ra ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ́gun. Ààrẹ Boyer wo ẹnu àgbá àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ó sì fi ọwọ́ sí i.

Háítì kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Láti san ìdá kìíní, tí í ṣe 30 mílíọ̀nù, wọ́n ní láti lọ yá a ní Paris lọ́wọ́ àwọn oníbáǹkì. Kí owó náà tó kúrò nílẹ̀, àwọn oníbáǹkì ti mú 6 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ wọn. 24 ni Háítì rí gbà, 30 ni ó sì jẹ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní gbèsè onílọ̀ọ́po méjì, ti ọba lọ́tọ̀, ti oníbáǹkì lọ́tọ̀. Ní 1838 wọ́n dín àpapọ̀ owó ọba kù sí 90 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n gbèsè a máa bímọ. Owó tí a yá láti fi san owó tí a ti yá ṣáájú ń yí láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, ìyókù rẹ̀ kò sì tán nílẹ̀ títí di 1947. Ìwé-ìròyìn New York Times ṣe ìṣirò rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n sì rí i pé owó tí Háítì san nítorí ọ̀ràn yìí tó 560 mílíọ̀nù dọ́là ní iye owó òde-òní. Èyí jẹ́ owó tí ó jáde nìkan. A kò tí ì ka ilé-ìwé tí a kò kọ́ àti afárá tí a kò ṣe.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn baba rẹ̀ yóò tètè mọ ibi tí à ń lọ. Ìwọ̀fà a máa jí lọ sí oko olówó ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ kò dín gbèsè rẹ̀ kù ní kọ́bọ̀ kan. Èlé ni iṣẹ́ náà. Bí ó ti wù kí ó ro oko náà pẹ́ tó, owó tí a yá gan-an ṣì wà níbi tí ó wà. Síbẹ̀ àwọn baba wa fi ààlà sí i: ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ó ní àkókò tirẹ̀, ó ní ilé tirẹ̀, olówó kò sì gbọdọ̀ nà án bí ó ti wù ú. Háítì di ìwọ̀fà Paris láìsí irú ààlà bẹ́ẹ̀. Kọfí rẹ̀ ni iṣẹ́ òwúrọ̀ tí ó ń ṣe. Owó ibodè tí ó bá wọlé lórí kọfí náà, ọ̀dọ̀ àwọn olówó ni ó kọ́kọ́ ń yà sí.

Olówó tí ara kò bá sì gbà mọ́ láyé àtijọ́ a máa rán ológò. Ológò yóò dógò ti onígbèsè, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò mú adìẹ tí ó bá rí ní àgbàlá pa jẹ, gbogbo ìnáwó rẹ̀ yóò sì tún bọ́ sí ọrùn onílé. Ní oṣù Kejìlá 1914, àwọn ọmọ-ogun ojú omi ti Amẹ́ríkà sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ Machias, wọ́n wọ báǹkì ìjọba Háítì, wọ́n kó wúrà tí iye rẹ̀ jẹ́ 500,000 dọ́là, wọ́n sì gbé e lọ sí New York, sínú àpótí irin National City Bank. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1915, nígbà tí àwọn ará ìlú ti pa ààrẹ wọn nínú rògbòdìyàn, àwọn ọmọ-ogun náà padà wá, wọn kò sì lọ mọ́ títí di oṣù Kẹjọ 1934. Ọdún 19 ni ológò yìí fi jókòó. Ó gba ibodè mọ́ wọn lọ́wọ́; ó fi ipá kó àwọn àgbẹ̀ jọ láti la ọ̀nà; ó mú kí a kọ òfin ìlú tuntun ní 1918, tí ó yọ̀ǹda kí àlejò máa ra ilẹ̀, ohun tí Dessalines ti kà léèwọ̀. Ní 1922 ó mú wọn yá owó tuntun lọ́wọ́ National City Bank kan náà, láti fi san gbèsè àtijọ́. Ọ̀gágun Smedley Butler, tí ó ṣe olórí ogun níbẹ̀, wí ní gbangba ní 1935 pé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ fún àwọn oníbáǹkì àti oníṣòwò ni òun ti fi ìgbésí ayé òun ṣe. Òun ni ó wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa.

Àwọn kan yóò wí pé ayé àtijọ́ nìyẹn, ayé ọba àti ọkọ̀ ogun, pé láti ìgbà tí a ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀ ní 1945 ni ọkàn àwọn ńlá ti rọ̀. Ọ̀nà ni ó yí padà. Ní oṣù Kìíní 1962, àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà pàdé ní Punta del Este ní ilẹ̀ Uruguay, Amẹ́ríkà sì fẹ́ kí wọ́n lé Kúbà jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn. Ìbò 14 ni wọ́n nílò, ìbò Háítì ni ó sì pé e. François Duvalier ni ó wà lórí oyè, ọkùnrin tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń pa ará ìlú ní òru. A sì mọ̀ nísinsin yìí pé ìlérí owó láti fi kọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú ni a fi ra ìbò náà. Ìwé ìjọba pe owó náà ní ìrànlọ́wọ́ fún ìdàgbàsókè.

Ọ̀ràn ẹlẹ́dẹ̀ dun àwọn àgbẹ̀ wọn ju ti ìbò lọ. Nígbà tí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ kan wọ erékùṣù náà ní nǹkan bí 1978, Amẹ́ríkà bẹ̀rù pé yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó ẹlẹ́dẹ̀ tiwọn. Wọ́n gbé owó kalẹ̀, láàrin 1982 àti 1983 a sì pa ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ìbílẹ̀ Háítì run. Ẹlẹ́dẹ̀ kékeré wọ̀nyí a máa jẹ ohun tí ó bá rí, a sì máa fara da oòrùn. Àwọn ni àpótí owó àgbẹ̀: a ń tà wọ́n nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé, tàbí nígbà tí òkú bá sùn nílé. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ funfun tí a kó wá láti Amẹ́ríkà láti fi rọ́pò wọn ń fẹ́ omi mímọ́, ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́, àti oúnjẹ tí a ń fi owó rà láti òkèèrè. Àwọn àgbẹ̀ sọ wọ́n ní orúkọ: ọmọ-aládé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ilé rẹ̀ sàn ju ti ẹni tí ń bọ́ ọ lọ kò lè pẹ́ lọ́dọ̀ tálákà.

Ẹ jẹ́ kí á wá dúró díẹ̀ lórí ìrẹsì, nítorí níbẹ̀ ni èrè àti agbára ti fi ara hàn gbangba. Ní àfonífojì odò Artibonite ni àwọn ará Háítì ti ń gbin ìrẹsì, títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1980 sí i, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbin èyí tí ó tó wọn jẹ. Nígbà tí ọmọ Duvalier sá kúrò nílùú ní 1986, ìjọba ológun tí ó gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó ibodè kù, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń yá wọn lówó ti gbà wọ́n nímọ̀ràn, bí a bá lè pe àṣẹ ní ìmọ̀ràn. Lẹ́yìn èyí ni a dìbò yan Jean-Bertrand Aristide ní 1990, àwọn ológun sì lé e jáde ní 1991. Ní 1994 Amẹ́ríkà fi ọmọ-ogun 20,000 dá a padà sórí oyè. Ẹni tí a gbé padà sórí àga kò ṣeé ṣe kí ó bá àwọn tí ó gbé e jiyàn púpọ̀. Ní 1995 owó ibodè lórí ìrẹsì di 3 péré nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni àwọn erékùṣù tí ó yí wọn ká ń gba púpọ̀ ju èyí lọ.

Níbo ni ìrẹsì tí ó wọlé ti wá? Ní Arkansas ni a ti ń gbin nǹkan bí ìdajì ìrẹsì Amẹ́ríkà, Arkansas sì ni ìpínlẹ̀ Ààrẹ Clinton, ẹni tí ó rán àwọn ọmọ-ogun náà. Ìjọba Amẹ́ríkà a máa fi owó ran àgbẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdọọdún, kí ó lè ta ọjà rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ìjọba kan náà ni ó kọ̀ fún àgbẹ̀ Háítì pé kí ìjọba tirẹ̀ dáàbò bò ó. Ìrẹsì tí àwọn ará ìlú ń pè ní ìrẹsì Miami kún ọjà. Àgbẹ̀ Artibonite wo owó tí a ń tà á, ó wo iye tí ó ná òun láti gbin tirẹ̀, ó sì fi ọkọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Port-au-Prince láti wá iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ rírán, wọ́n kọ́ ilé bíríkì tí kò ní irin tó sí ẹ̀gbẹ́ òkè, lórí ara wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2010, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó wó pa wọ́n.

A ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń wí pé ìrẹsì tí owó rẹ̀ kò pọ̀ jẹ́ oore fún tálákà ìgboro. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí olùtà bá pinnu láti gbé owó lé e. Ní 2008 owó oúnjẹ gòkè ní gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ebi lé àwọn ará Port-au-Prince sí ìta, ìjà ṣẹlẹ̀, ènìyàn kú, Ilé Aṣòfin Àgbà wọn sì yọ olórí ìjọba, Jacques-Édouard Alexis, kúrò nípò. Àwọn tí ì bá gbin ìrẹsì fún wọn ti di ará ìgboro, àwọn náà wà lára àwọn tí ebi ń pa. Ní oṣù Kẹta 2010, Clinton dúró níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́wọ́ pé ètò náà lè ti ṣe àwọn àgbẹ̀ Arkansas kan lóore, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni. A yìn ín fún ìjẹ́wọ́ náà. Kì í ṣe ohun tí àwọn alágbára máa ń ṣe. Owó ibodè ìrẹsì kò tìtorí rẹ̀ gòkè ní ọjọ́ kejì.

Ó yẹ kí á wo bí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ nínú, kí á má baà rò pé ìwà ibi ènìyàn kan ni. Ní 1954 ni Ààrẹ Eisenhower fi ọwọ́ sí òfin tí ó jẹ́ kí Amẹ́ríkà máa fi oúnjẹ tí ó pọ̀ jù ní àká rẹ̀ ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Àká ti kún, owó ọkà ń wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń kùn. Ibi tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òfin mìíràn ní kí ó kéré tán ìdajì oúnjẹ náà máa wọ ọkọ̀ òkun Amẹ́ríkà. Láti 1985 di 2012, ìdá 75 nínú 100 ni. Owó tí ọkọ̀ wọnnì ń gbà ga ju ti àwọn ọkọ̀ mìíràn lọ, nítorí náà apá kan owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ebi ń pa, orí omi ni ó ń parí sí. Àgbẹ̀ jèrè, ọlọ́kọ̀ jèrè. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú pàápàá a máa gba oúnjẹ náà, wọ́n a tà á ní ọjà ìlú tí a kó o lọ, wọ́n a sì fi owó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn, láìwo ohun tí ó ṣe sí àgbẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà náà. Láti 2005 ni Ààrẹ Bush kékeré ti ń bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n jẹ́ kí a fi díẹ̀ nínú owó náà ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí ó sún mọ́ ibi tí ìyàn ti mú. Wọ́n kọ̀. Àwọn mẹ́ta tí ń jèrè pawọ́ pọ̀, wọ́n dí ọ̀nà náà. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ CARE ni ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: ní 2007 ó kéde pé òun kò ní í gba irú oúnjẹ títà bẹ́ẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ná òun ní nǹkan bí 45 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún. A fi inú dídùn kọ orúkọ wọn síbí.

A kò ní í sọ púpọ̀ nípa ohun tí ó tẹ̀lé ilẹ̀ mímì. Owó ayé rọ́ lọ sí Háítì, ṣùgbọ́n díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ ni ó gba ọwọ́ ìjọba ibẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ kọjá. Ọwọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe láti òkèèrè ni ó gbà jáde padà. Àwọn ọmọ-ogun àlàáfíà tí Àjọ Ìṣọ̀kan rán lọ gbé àrùn onígbáméjì wọ odò Artibonite ní oṣù Kẹwàá 2010, ó sì pa ènìyàn bí 10,000. Ọdún 6 kọjá kí Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ náà, tó tọrọ àforíjì ní oṣù Kejìlá 2016.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà àti Faransé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ́ wa ní ìwé, ṣe tiwọn ní Màléṣíà. Ní 1988 wọ́n bá ìjọba ibẹ̀ ṣe àdéhùn láti ta ohun ìjà tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, ìlérí ìrànlọ́wọ́ sì bá àdéhùn náà rìn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi 234 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, nínú owó tí a kó jọ nítorí àwọn tálákà ayé, ti ìdídò Pergau lẹ́yìn. Tim Lankester, òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ̀wé ní 1991 pé ìfiṣòfò ni. Àwọn mínísítà bo ìwé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1994 ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé owó náà lòdì sí òfin. A sọ èyí kí á lè yin ohun kan: ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wọn ni ó gbé mínísítà lọ sí kóòtù, adájọ́ wọn sì gbọ́ ẹjọ́ náà. Èèlò ni ìgbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa?

Ṣé gbogbo ìrànlọ́wọ́ ni májèlé, nígbà náà? Rárá o. Ẹni tí ó ti rí aláìsàn tí oògùn ọ̀fẹ́ gbé dìde lórí ẹní kò lè wí bẹ́ẹ̀, àwọn tí oògùn náà já lọ́wọ́ wọn ní 2025 kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. A kò sì ka èrè sí ẹ̀ṣẹ̀. Ètò Marshall, tí Amẹ́ríkà fi gbé Yúróòpù dìde láti 1948 di 1952, jẹ́ nǹkan bí 13 bílíọ̀nù dọ́là, Amẹ́ríkà sì jèrè nínú rẹ̀ yanturu. Ọjà wọn ni a fi púpọ̀ nínú owó náà rà, a sì ní kí ìdajì ẹrù náà wọ ọkọ̀ wọn. Síbẹ̀ Yúróòpù kò di ìwọ̀fà. Àwọn ìjọba ibẹ̀ pàdé ní Paris ní 1947, wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n fi àgbẹ̀ wọn sílẹ̀ láìsí ààbò. Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù pé wọ́n lè yà sọ́dọ̀ Rọ́ṣíà, ìbẹ̀rù náà sì fún wọn ní agbára láti wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Háítì kò ní ẹnikẹ́ni tí ó lè yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ọwọ́ ẹni kan náà ni ọrẹ méjèèjì ti wá, ipò ẹni tí ó gbà á ni kò dọ́gba.

Ó kù kí á wo ilé wa. Àlìkámà kì í ṣe ohun tí a ń gbìn ní ilẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ kò sí ilé tí kò jẹ búrẹ́dì ní òwúrọ̀. Ní àkókò tí owó epo ń ṣàn ni àlìkámà Amẹ́ríkà tí kò wọ́n gba ẹnu wa. Nígbà tí ìjọba Babangida sì kà á léèwọ̀ ní 1987, ariwo àwọn tí ń tà á láti òkèèrè àti ti àwọn tí ń lọ̀ ọ́ nílé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbà á padà ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ti gbèsè, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé nǹkan bí 5 bílíọ̀nù dọ́là ni Nàìjíríà yá títí di àárín 1980 sí i, a ti san nǹkan bí 16, wọ́n sì ní ó tún ku 28. Ẹ fi èyí wé ìwọ̀fà tí a sọ lókè. Ní 2005 àwọn olówó Paris gbà láti fa 18 bílíọ̀nù rẹ́, bí a bá lè san nǹkan bí 12 lẹ́ẹ̀kan náà. A sì san án, títí di 2006. Ìwé-ìròyìn òkèèrè pè é ní ìdáríjì. Nínú ìdáríjì tí àwa ń wàásù rẹ̀, a kì í kọ́kọ́ gba bílíọ̀nù 12.

Láti ìgbà náà a ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó, láti ìlà-oòrùn àti láti ìwọ̀-oòrùn, púpọ̀ nínú àdéhùn wọ̀nyí kò sì dé ojú ará ìlú rí. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò yàn kò ṣòro: kí a tẹ àdéhùn gbèsè àti ti ìrànlọ́wọ́ jáde kí a tó fi ọwọ́ sí i, ní èdè tí ìyálọ́jà lè kà, kí a kọ síbẹ̀ ọjà ta ni a gbọ́dọ̀ fi owó náà rà, ọkọ̀ ta ni yóò gbé e, owó ibodè wo ni a ní láti sọ kalẹ̀, àti ohun tí a fi dúró bí a kò bá lè san án. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ ìgbìmọ̀ ní ìlú wọn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025, tí ó pé 200 ọdún tí Ọba Charles fi àṣẹ rẹ̀ lélẹ̀, Ààrẹ Macron ti Faransé kéde pé òun yóò yan ìgbìmọ̀ àwọn onítàn, láti Faransé àti láti Háítì, kí wọ́n lè yẹ ọ̀ràn gbèsè náà wò. Ó gbà pé àìṣòdodo ni. Kò sọ ohunkóhun nípa dídá owó náà padà.